Ojú Ìwé Kejì Tí Wọn Ò Kà fún Àbúrò Mi

Ẹ má bínú sí mi bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fò síwájú fò sẹ́yìn. Iyè mi ti ń rà. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ yìí ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ọdún wo nìyẹn, mi ò sì mọ ọdún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ṣọ́jà ti lé àwọn olóṣèlú lọ, a sì ń tò sórí ìlà nítorí ọṣẹ àti mílíìkì. Ṣùgbọ́n òórùn kan wà tí kò kúrò nímú mi. Òórùn àdín ni. Àdín tó ti gbóná sára èèyàn nínú oòrùn àárọ̀, lẹ́yìnkùlé ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́bàá ògiri tí àbúrò mi máa ń jókòó sí láti yá oòrùn. Àwa la gbé bẹ́ǹṣì yẹn síbẹ̀. Ọwọ́ mi yìí wà níbẹ̀. Bí mo bá gbóòórùn àdín níbikíbi títí di òní, ẹ má rò pé ìbànújẹ́ ló ń ṣe mí. Inú ló máa ń bí mi.

Àfín ni àbúrò mi. Òun ló tẹ̀ lé mi, ìyá kan, bàbá kan. Bíríkìlà ni èmi, mi ò mọ ìwé, òun náà ò mọ̀ ọ́n, àwọn tó tẹ̀ lé wa ni wọ́n rán nílé ìwé. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí a bá ti jáde báyìí, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, wọ́n á máa pè é ní òyìnbó, àwọn àgbà tó yẹ kí wọ́n bá wọn wí á máa rẹ́rìn-ín. Nílé, ìkòkò ọ̀tọ̀ ni ìyá wa fi ń se oúnjẹ rẹ̀, torí wọ́n ní àfín kì í jẹ iyọ̀, pé tó bá jẹ ẹ́, egbò á bo ara rẹ̀. Ó máa tó ọmọ ọdún méje lọ́jọ́ tí ìyá wa ká a mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó ń lá iyọ̀ látẹ́lẹwọ́. Wọ́n nà án débi pé àwọn ará ilé kejì ló wá gbà á sílẹ̀. Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní olè iyọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tó bá pẹ́ lára èèyàn, bó pẹ́ bó yá, wọ́n á gbà á bí ẹ̀rí.

Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ mẹ́ta, ó ń ta gàrí níwájú ilé ọkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ojú rẹ̀ ń wú láràárọ̀, ìtọ̀ wá dí. Àwọn dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kú. Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ó ń wa ọkọ̀ fún olówó kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó. Kí Ọlọ́run tẹ́ olówó náà sí afẹ́fẹ́ rere, òun ló ní òun á gbé e lọ sílùú òyìnbó, kí àwa ará ilé rẹ̀ ṣáà wá ẹni tó máa yọ kíndìnrín kan fún un. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa wò, tèmi ló bá tirẹ̀ mu. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ lọ rò ó wò. Mo ní kí ni mo fẹ́ rò. Nígbà tí mo jí lórí bẹ́ẹ̀dì nílùú òyìnbó, tí ìhà mi ń ta mí bí ẹni tí wọ́n fi àáké là, ohun àkọ́kọ́ tí mo béèrè lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí olówó náà tó ń ṣe ògbufọ̀ wa ni pé, ṣé ó ti tọ̀. Ó ní ó ti ń tọ̀ bí ọmọ tuntun. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mi ò kì í sunkún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dá wa sílẹ̀, ògbufọ̀ wa ò lè wá, iṣẹ́ dá a dúró. Dókítà òyìnbó náà jókòó tì wá, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni pé tó bá ti rọra sọ ọ́, a máa gbọ́. Nígbà tó rí i pé a ò gbọ́, ó na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, sókè. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò mi, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó wá ṣe bí ẹní ń dé fìlà ńlá, ó ń mi orí. Èmi rò pé ó ń béèrè bóyá wọ́n ń dé fìlà nílùú wa ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo fi bí a ṣe ń gẹ fìlà hàn án. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé kan, ojú ewé méjì, ó fi í sọ́wọ́ mi, ó sì pa ìka mi dé mọ́ ọn. Mo máa ń rántí bó ṣe pa ìka mi dé yẹn. Gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe láìgbédè ara wa, ọkùnrin yẹn ṣe é.

A délé, ilé kún. Àbúrò bàbá wa kan wà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ìwé tó wọ inú ẹbí wa tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá: ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, lẹ́tà àwọn ọmọ tó wà lókè òkun. Tó bá ti kà á, ó parí, kò sẹ́ni tó tún ń gbé ìwé náà wò. A gbé ìwé dókítà fún un nínú pálọ̀. Ó nu ìgò ojú rẹ̀, ó kà á lédè òyìnbó lákọ̀ọ́kọ́ kí gbogbo wa lè gbọ́ bó ṣe ń dún, ó wá ń túmọ̀ rẹ̀. Oògùn yìí láàárọ̀, èyí lálẹ́, kò gbọdọ̀ pa á jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí òun ni kò ní jẹ́ kí ara lé kíndìnrín àlejò jáde. Kó máa mumi dáadáa. Kó dín iyọ̀ kù.

Nígbà tó dé ibi iyọ̀ yẹn, ẹ ò rí bí pálọ̀ ṣe dàrú. Ìyá ọkọ àbúrò mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Òyìnbó náà mọ̀ pé àfín kì í jẹ iyọ̀." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo àbúrò mi, ẹnì kan ní kí olè iyọ̀ dìde kó wá ṣèlérí lójú gbogbo ayé. Ó dìde, ó ṣe é, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Bàbá olùkọ́, àbúrò bàbá wa yẹn, ti ṣí ojú ewé kejì. Ó wò ó, ó yí ẹnu pọ̀ díẹ̀, ó ká ìwé náà. Mo bi wọ́n pé, Bàbá, èyí tó kù ńkọ́?

Bàbá ní, "Ọ̀rọ̀ oòrùn àti awọ ara ni. Ti àwọn òyìnbó nìyẹn, tí oòrùn ò mọ́ lára. Kò kàn wá."

Gbogbo wa ní, ẹ ṣé, Bàbá. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ tí gbogbo àdúgbò ti ń pè ní òyìnbó láti kékeré, tí oòrùn ti ń sè lára láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, òun ló jókòó síwájú wọn gbọnrangandan, ìwé òyìnbó wá dé, wọ́n ní kò kàn án.

Ìyá wa ní ẹni tí wọ́n là nínú nílẹ̀ olótùútù, òtútù ti wọ eegun rẹ̀, àfi kó máa yá oòrùn. Ìyẹn ló bí bẹ́ǹṣì tí mo sọ. Láràárọ̀, tó bá ti wá láti ilé ọkọ rẹ̀, ìyàwó mi á fi àdín pa á lára, a ó ní kó jókòó, kí oòrùn jẹ ẹ́ dáadáa kó tó lọ sídìí gàrí rẹ̀ lójú oòrùn kan náà. Ara rẹ̀ wá le lóòótọ́. Ó sanra, ó ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ jà bó ṣe máa ń ṣe. Bí ọdún mẹ́ta, mẹ́rin lọ báyìí. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, mò ń mọlé lọ́nà Odògbolú, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá ń po sìmẹ́ńtì, tí mo rántí pé ohun kan tó jẹ́ tèmi ń ṣiṣẹ́ nílé láìsí mi níbẹ̀.

Egbò náà bẹ̀rẹ̀ lókè etí ọ̀tún. Kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ó ní èèpá le lórí bí ìpẹ́ ẹja. Tó bá ṣí i, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, á tún bo, á tún ṣí. Lẹ́yìn náà, òmíràn yọ sí ètè ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ oòrùn. Iyọ̀ ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ kó iyọ̀ ilé kúrò ní kíṣìnnì lọ sí yàrá tirẹ̀, ó ń bù ú fún àwọn ọmọ bí ẹní ń bu wúrà. Àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ ìyá wọn. Ó búra, wọn ò gbà. Ó fi Bíbélì búra, wọ́n ní olè tó fi Bíbélì búra, ó burú ju olè lọ.

Mo fẹ́ sọ tèmi kí n tó máa bú ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan, mo yà nílé rẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó ń se ìkọ́kọrẹ́. Mi ò kí i. Mo kọjá lọ sídìí ààrò, mo fi ṣíbí bu díẹ̀ nínú ìkòkò, mo tọ́ ọ wò lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò níyọ̀ rárá, ó tẹ́ bí omi òjò. Mo wá ní, bóyá ìkòkò mìíràn wà tó gbé pamọ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó nù ún, kò pariwo.

Ó ní, "Bùọ̀dá, kíndìnrín yín ló wà nínú mi o. Ẹ̀yin náà ò gbà mí gbọ́?"

Mo jáde. Títí tí mo fi délé, mi ò bá ara mi sọ òótọ́.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan nígboro, tó ní ilé ìwòsàn tirẹ̀. Ó wà ní ìdí tábìlì rẹ̀, ó wo etí àbúrò mi láti òdìkejì, kò dìde, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, bí àwọn àfín ṣe máa ń rí nìyẹn, kó máa fi òróró kan báyìí pa á. Mo sọ fún un pé wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún un, pé ó ń lo oògùn. Ó ní ìyẹn ò kan etí. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́fà la fi pa òróró náà. Etí yẹn ń jẹ lọ. Nígbà tó máa fi di pé kókó kan le sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo gbé e sínú ọkọ̀, ó di Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ńlá.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wá, kò dàgbà púpọ̀. Òun dìde. Ó tan iná kékeré, ó wo etí, ó wo ètè, ó fọwọ́ tẹ ọrùn níbi gbogbo, ó tiẹ̀ wo àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní kí n kó gbogbo ìwé tí a ní jáde. Mo fa ìwé ìlú òyìnbó yọ nínú àpò, ó ti ń pọ́n ní ojú ibi tí wọ́n ká a sí. Ó ka ojú ewé kìíní, ó ṣí ìkejì, ó kà á. Ó tún un kà. Ó bi mí pé ta ló ka ìwé yìí fún wa, mo ní bàbá wa ni, ọ̀gá ilé ìwé. Ó ní ṣé ó kà á tán.

Ó wá kà á fún wa ní Yorùbá, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan. Pé oògùn tó ń mú ara dákẹ́ kó má baà lé kíndìnrín àlejò jáde, òun náà ni kì í jẹ́ kí ara lè bá jẹjẹrẹ jà, pàápàá jẹjẹrẹ awọ ara. Pé kí ẹni tó ń lò ó sá fún oòrùn, kó dé fìlà gbòòrò, kó wọ aṣọ alápá gígùn. Pé egbò tí kò bá san, kó má ṣe dúró, kó yára fi han dókítà. Nísàlẹ̀ pátápátá, dókítà òyìnbó yẹn ti fi bírò tirẹ̀ kọ ìlà kan kún un: aláìsàn yìí, àfín ni, ewu rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ọ.

Ó kọ ọ́. Nítorí tirẹ̀ nìkan ló ṣe kọ ọ́. Ọdún mẹ́rin ni ìlà yẹn fi wà nínú àpótí wa.

Àbúrò mi ò béèrè ikú, kò béèrè ìyè. Ohun tó béèrè ni pé, "Iyọ̀ ńkọ́, dókítà?" Kò yé dókítà, ó ní iyọ̀ bíi ti báwo. Àbúrò mi wá ṣàlàyé fún un, láti ìkòkò ọ̀tọ̀ títí dé iyọ̀ yàrá ìyá ọkọ. Dókítà mi orí. Ó ní, "Àǹtí, iyọ̀ kì í fa egbò kankan sára àfín. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ṣe ní kí ẹ dín in kù. Dín in kù ni wọ́n sì wí, wọn ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́."

Àbúrò mi yíjú sí mi. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ gbọ́?" Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn.

Wọ́n gé lára etí náà, wọ́n gé lára ètè, wọ́n la ọrùn. Dókítà wá pè wá jókòó. Ó ní jẹjẹrẹ náà ti rìn. Ó ní a lè dín oògùn kù kí ara lè jí bá a jà, ṣùgbọ́n bí ara bá jí tán, ó lè dojú kọ kíndìnrín. Àbúrò mi wá kọjú sí mi bí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ onílẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá, tiyín ni. Kí ni kí n ṣe?" Mo ní, "Tìẹ ni. Mo ti fún ẹ." Ó ní kí wọ́n dín in kù.

Nígbà tí a padà dé Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo fi lọ bá bàbá olùkọ́ nílé. Wọ́n wà lórí àga wọn, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Mo tẹ́ ìwé náà sórí itan wọn. Mo ní, Bàbá, ẹ ka ojú ewé kejì sókè. Wọ́n kà á lábẹ́nu, mo rí i tí ètè wọn ń mì. Nígbà tí wọ́n dé ìlà bírò yẹn, wọ́n bọ́ ìgò ojú. Wọ́n ní, "Mo rò pé kò kàn án ni."

Mo ní, "Kíkà ni mo ní kí ẹ kà, mi ò ní kí ẹ bá mi rò ó."

Ohùn mi lọ sókè, mi ò ní purọ́. Bàbá náà fò dìde. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o ò mọ A yàtọ̀ sí B, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ èmi ní ìwé?" Kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀, ẹbí ti pé. Ẹ máa rò pé wọ́n pé nítorí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé létí. Rárá o. Wọ́n pé nítorí pé mo gbé ohùn sókè sí àgbà. Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀rọ̀ dùn mí tó, mi ò gbọdọ̀ na ìwé sójú ẹni tó sin bàbá mi. Wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀. Mo wo yíká bóyá ẹnì kan á ní kí bàbá náà bẹ àbúrò mi. Kò sẹ́ni tó wí bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kan sìmẹ́ńtì pálọ̀ tí èmi fúnra mi rẹ́. Wọ́n gbàdúrà sí mi lórí, wọ́n ní ó ti tán.

Kò tán. Ọdún mélòó ló ti kọjá? Bàbá náà ti kú, wọ́n kọ ọ́ sára sàréè rẹ̀ pé olùkọ́ rere ni, bóyá bẹ́ẹ̀ ni fún àwọn ẹlòmíràn. Ní tèmi, inú ṣì ń bí mi. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀. Àìmọ̀kan, èmi náà ní tèmi, mo rí ọwọ́ dókítà òyìnbó tó ń dé fìlà tí kò sí lórí, mo rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n rí i, wọ́n sì yàn fún wa nínú rẹ̀ èyí tó yẹ ká gbọ́. Wọ́n mú iyọ̀, torí a ti mọ iyọ̀ tẹ́lẹ̀, ó bá ohun tí à ń sọ mu. Wọ́n fi oòrùn sílẹ̀.

Àbúrò mi gbé bí ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń dé fìlà koríko, ó ń ta gàrí lábẹ́ àtíbàbà tí mo kọ́ fún un. Lọ́sẹ̀ tó délé láti Ìbàdàn, ó se ìkọ́kọrẹ́, ó bu iyọ̀ sí i lójú ìyá ọkọ rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka. Ìyá náà wojú ilẹ̀. Nígbà tí àìsàn náà wá dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tó ń mí kúkúrú, dókítà obìnrin yẹn ṣì ń yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kíndìnrín tí mo fún un, nǹkan kan ò ṣe é, ó ń ṣiṣẹ́ bíi tuntun. Títí di ọjọ́ tí àbúrò mi kú, ó ń tọ̀ dáadáa. Wọ́n sin èyí tó dára mọ́ ọn.

Mi ò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Èèyàn ò lè máa sọ irú ẹ̀ lórí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀, òun ni mo fi ń bá ayé lò: ẹni tí kò mọ ìwé, ẹnu ẹni tó bá kà á fún un ló ń gbé, ẹni tó ń kà á sì gbọdọ̀ bẹ̀rù ìyẹn. Kì í ṣe ìwé rẹ̀. Kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ ìlà tó kan èèyàn àti èyí tí kò kàn án. Ẹni tí ikú máa pa ló máa mọ̀ ọ́n.

Ó tó. Ọmọ ọmọ mi, fi bírò yẹn sílẹ̀. Jókòó súnmọ́ mi níhìn-ín, kà á sí mi létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, sókè dáadáa. Tó o bá dé ibì kan tó o rò pé kò kan ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ gan-an ni kó o kà lẹ́ẹ̀mejì.